Nígbà Tí Ebi Ń Pa Alásè

Ẹni méje ni oúnjẹ kò kan ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Wọ́n dúró síwájú mi pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Mo bojú wo inú odó, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ ju èyí tó lẹ̀ mọ́ ara igi lọ. Mo tún bojú wò ó lẹ́ẹ̀kejì, bí ẹni pé iyán lè hù nínú odó. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní kantíìnì ilé iṣẹ́ wa ní Parakou, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí mi rí.

Ilé iṣẹ́ ìjọba ni, kajú ni wọ́n ń fọ́ níbẹ̀. Ayé kámárádì la wà nígbà náà. Ọ̀gá pátápátá ń jẹ́ kámárádì, ẹni tó ń gbálẹ̀ ń jẹ́ kámárádì, èmi tí mo ń gún iyán náà ń jẹ́ kámárádì Àgàtà. Ilé iṣẹ́ wa ní oko àjùmọ̀ṣe kan lẹ́yìn ìlú, níbi tí gbogbo wa ti máa ń lọ kọ ebè ní ọjọ́ Sátidé, àti akọ̀wé àti àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Iṣu oko yẹn là ń gún fún àwọn òṣìṣẹ́ lọ́sàn-án. Nítorí náà, bí iyán kò bá kan ènìyàn, kì í ṣe oúnjẹ ìjọba ni wọ́n fi dù ú. Òógùn ojú ara rẹ̀ ni.

Olórí àwa alásè ni Tantí Rahí, obìnrin Mùsùlùmí láti àdúgbò Zongo, tó ti ń se oúnjẹ fún àwọn awakọ̀ kí n tó mọ bí wọ́n ti ń dáná. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́. Kì í pariwo, ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ le. A kì í tọ́ ọbẹ̀ wò ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ: ẹ̀ẹ̀kan fún iyọ̀, ẹ̀ẹ̀kan fún ata, ní àtẹ́lẹwọ́, kì í ṣe nínú abọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta, oúnjẹ lò ń jẹ nìyẹn. A kì í fi igbá wọn iyán. Alásè á tọwọ́ bọ omi, á gé ti ẹnì kan, á yí i róbótó, ọwọ́ ni òṣùwọ̀n. Òfin tó ga jù ni pé alásè ló ń jẹun kẹ́yìn, nígbà tí òṣìṣẹ́ tó gbẹ̀yìn bá ti fọwọ́. Ó ní alásè tó bá yó ṣáájú, ara rẹ̀ á wúwo, kò sì ní í ka ebi ẹlòmíì sí.

Kí ọ̀rọ̀ ẹni méje yìí tó ṣẹlẹ̀, àìsàn ti dá mi dúró sílé. Ibà pọ́njú ni. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú mi gbé mi sórí ohun tí wọ́n ń pè ní rejíìmù: kò sí epo, kò sí òróró, kò sí ẹran, kò sí ẹyin, kò sí ata. Ẹ̀kọ mímu, ìrẹsì funfun àti ìbẹ́pẹ ni mo fi gbé oṣù mẹ́rin. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn ará àdúgbò wa ní Ladjifarani kò sì yéé gbé oúnjẹ wá kí mi. Ọkọ mi, Mátíù, ló ń bá mi jẹ gbogbo rẹ̀. Ó sanra lórí àìsàn mi, bẹ́ẹ̀ ni èmi ń gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìgbà tí nọ́ọ̀sì ní kí n padà sí oúnjẹ tí gbogbo ayé ń jẹ, mo rò pé wàhálà parí. Àṣé ó kù. Mo lè jẹ iyán pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀pà àti wàrà Fúlàní, kí ikùn mi le bí àgbá, omi tí mo fi fọwọ́ kò ní í tíì gbẹ tí ebi á tún dé. Kì í ṣe ọ̀kánjúwà ojú. Ebi gidi ni. Mo ń jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà nílé, mo tún ń ra òmíràn lójú ọ̀nà, mo sì ń fi ìborùn bo ẹnu kí n lè jẹ ẹ́ tán kí n tó dé ibi iṣẹ́. Àwọn àgbà sọ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá ń bá mi sọ̀rọ̀, ẹnu wọn ni mò ń wò, bóyá wọ́n ń jẹ nǹkan.

Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Ojú ń tì mí. Ní ilé wa ní Ṣábẹ̀, wọ́n lè dárí ji obìnrin tó ń bínú, wọ́n lè dárí ji èyí tí ẹnu rẹ̀ kò dúró, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti pe obìnrin ní wọ̀bìà, ó di dandan kó bá orúkọ náà dàgbà.

Lẹ́yìn ọjọ́ tí oúnjẹ kò kan ẹni méje, ó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kan náà. Ẹni tí ó bọ́ sí lórí nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Wọ́rù, ọkùnrin Bàrìbá tó ń ṣọ́ iná ẹ̀rọ. Òun ló máa ń pa iná kẹ́yìn, òun náà ló máa ń tò kẹ́yìn. Ní ọjọ́ kẹta, ó gba ẹ̀yìn ilé ìdáná kọjá, ó bá mi níbi tí mo ti ń fi ṣíbí ha ọbẹ̀ tó gbẹ mọ́ ìdí ìkòkò, ẹnu mi kún. Kò bú mi. Ó kàn wò mí, ó wo ìkòkò, ó lọ. Nígbà tó fi di ọ̀sán ọjọ́ kejì, gbogbo ilé iṣẹ́ ti gbọ́ pé mò ń jí oúnjẹ.

A máa ń ṣe ìpàdé kan ní ọjọ́ Jímọ̀, níbi tí olúkúlùkù ti ń dìde sọ àṣìṣe ara rẹ̀, tí àwọn yòókù á sì rán an létí bí ó bá gbàgbé. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi ni wọn yóò sọ. Bí wọ́n bá lé mi, iṣẹ́ lọ, orúkọ rere mi náà sì lọ. Ọkọ̀ ojú irin ń ti Parakou lọ sí Ṣábẹ̀ lójoojúmọ́. Ìròyìn mi á ti jókòó ní iyàrá ìyá mi kí èmi tó mọ ohun tí mo máa wí.

Ní ọjọ́ Tọ́sìdeè, Tantí Rahí wá dúró tì mí níbi tí mo ti ń pín iyán. Ó ń wo ọwọ́ mi títí mo fi bu tó abọ́ mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ó tọwọ́ bọ omi, ó gé ti ẹnì kan, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì tirẹ̀. Mo sì fi Ọlọ́run búra, títí di ìgbà tí ó gbé méjèèjì sójú kan, mo rò pé mo ń ṣahun ni. Abọ́ yòówù kí n wò, ó ń kéré lójú mi. Màá gé e tán, àánú ẹni tó ni ín á ṣe mí, màá tún fi díẹ̀ lé e. Àwọn tó wà níwájú kò sì fẹjọ́ sùn. Ta ni wọ́n ń bu oúnjẹ fún jù tó máa lọ pariwo?

Ó fà mí sẹ́yìn ààrò. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun láàárọ̀. Mo ní mo ti jẹun lẹ́ẹ̀mejì.

“Ebi sì ń pa ọ́ báyìí?”

Ẹkún ló jáde.

Kò yà á lẹ́nu. Ó ní lẹ́yìn ààwẹ̀ oṣù kan, àwọn ará Zongo máa ń jẹun fún ọjọ́ mélòó kan bí ẹni tí wọ́n ń lé. “Ìwọ gba ààwẹ̀ oṣù mẹ́rin, Àgàtà. Ara rẹ ò tíì gbà pé ó ti tán.” Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi sọ ọ́ ní ìpàdé. Ó kọ̀. Ó ní bí òun bá sọ ọ́, wọ́n á ní òun ń gbè mí, ẹnu mi ló gbọ́dọ̀ ti jáde.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Wọ́rù dìde, ó sọ ohun tó rí, kò fi àbùmọ́ kan sí i. Wọ́n ní kí n fèsì. Mo ti ronú ní gbogbo òwúrọ̀ pé bóyá kí wọ́n kúkú pè mí ní olè dípò wọ̀bìà, torí olè lè ronú pìwà dà.

Mo ní, “Mi ò gbé oúnjẹ yín lọ sílé. Ebi ló ń pa mí. Láti ìgbà tí mo ti padà sí oúnjẹ, mi ò yó rí. Mo rò pé bó ṣe ń pa mí ló ń pa gbogbo yín, ni mo ṣe ń bù ú jù.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Tantí Rahí dìde kí ẹ̀rín náà tó ràn. Ó ní òun náà ní àṣìṣe láti sọ: òun ló fi òfin sọ pé kí alásè jẹun kẹ́yìn, òun kò sì wo ojú ẹni tí òfin náà ń pa. Ó ní láti ọjọ́ Mọ́ńdè, Àgàtà yóò jẹun kó tó fọwọ́ kan iyán ẹnikẹ́ni, bí iyán kò bá sì kan ẹnì kan mọ́, kí wọ́n lé òun dípò mi. Wọ́n fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ebi náà kò lọ lọ́sẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n iyán kan gbogbo ènìyàn. Ó pẹ́ tó oṣù márùn-ún kó tó fi mí sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí àlejò tí kò dágbére. Mo lo ọdún mọ́kàndínlógún ní ìdí iṣẹ́ yìí, mo sì di olórí alásè nígbà tí Tantí Rahí fẹ̀yìn tì. Gbogbo ẹni tó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló ń jẹun kó tó pín oúnjẹ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi mí léèrè ọjọ́ tí mi ò lè gbàgbé, ọjọ́ Mọ́ńdè yẹn ni.

Tantí Rahí bu oúnjẹ mi, ó gbé e síwájú mi lórí bẹ́ǹṣì ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Mi ò tíì jẹ ẹ́ dé ìdajì tí agogo fi lù. Wọ́n dé, nǹkan bí ọgọ́rin ènìyàn, abọ́ lọ́wọ́. Wọ́rù ló wà níwájú lọ́jọ́ náà. Ó ti pa iná ní kùtùkùtù kó lè fojú ara rẹ̀ rí i. Mo gbé abọ́ mi sílẹ̀, mo fẹ́ dìde.

Ó ní, “Jókòó, kámárádì. Jẹ oúnjẹ rẹ.”

Ó wá yí ẹ̀yìn sí mi, torí a kì í wo ẹni tó ń jẹun lẹ́nu. Ẹni tó tẹ̀ lé e wò ó, òun náà yí ẹ̀yìn padà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń yí lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tí gbogbo ìlà náà fi kọ ẹ̀yìn sí mi, tí wọ́n kọjú sí oòrùn, tí ebi ń pa wọ́n. Omijé mi ń kán sínú ọbẹ̀. Mi ò sáré. Mo jẹ ẹ́ tán, mo fọwọ́, mo ti ọwọ́ náà bọ omi tútù, mo sì gé ti Wọ́rù.