Ìyá Ọkọ Mi àti Ìrora Tí Mo Ń Pa Mọ́ra

Bí mo bá ti rí ìrọ̀rí kékeré, ìyá ọkọ mi tó ti dolóògbé ni mo máa ń rántí. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti wá tọ́jú mi ní Ìkòròdú nígbà tí mo fi iṣẹ́ abẹ bímọ. Àwọn àlejò máa ń béèrè ọmọ. Èmi ni Màámi máa ń kọ́kọ́ béèrè.

“Ìyàwó mi, ṣé ó ṣì ń dùn ẹ́?”

“Ó ti fúyẹ́, mà.”

Irọ́ ni. Aládùúgbò kan ló sọ pé oògùn ìrora ń ba omi ọyàn jẹ́, mi ò sì lò ó.

Lọ́jọ́ kan mo wúkọ́, Màámi rí omi lójú mi, mo sì jẹ́wọ́ pé mi ò lo oògùn. Wọ́n pe nọ́ọ̀sì mi lórí fóònù; ó ní èyí tí dókítà kọ fún mi kò ní pa ọmọ lára. Màámi jókòó tì mí títí mo fi lò ó, wọ́n wá fi ìrọ̀rí ti ojú ọgbẹ́ náà kí n lè dìde.

“Iṣẹ́ abẹ ni mo fi bí ọkọ rẹ náà,” wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́. “Nígbà yẹn, mò ń rẹ́rìn-ín fún àlejò, mò ń sunkún ní balùwẹ̀.”

Ọkọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà; kò gbọ́ ọ rí. Ó wọlé, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀.