Ilé Tí Mi Ò Jẹ́ Kí Bàámi Kọ́

Inú ilé ẹ̀gbọ́n wọn ní Inísà ni Bàámi gbé títí irun wọn fi funfun. Àgbẹ̀ gidi ni wọ́n, oko wọn tó wà lọ́nà Òkukù sì dára, ṣùgbọ́n ilé-ìwé àwa ọmọ ló gbé gbogbo èrè rẹ̀ mì. Bí inú bá ń bí ẹ̀gbọ́n wọn, á rán wọn létí ẹni tó ni òrùlé. Bàámi á kàn wolẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń fẹ́: kí wọ́n kọ́ yàrá mẹ́ta sórí oko yẹn, kí wọ́n máa gbé ibẹ̀, kí a sì sin wọ́n sínú rẹ̀ bó bá yá. Lọ́dọ̀ wa, inú ilé ẹni là ń sin èèyàn sí.

Wọ́n ti gé bíríkì alámọ̀, ó ti gbẹ. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn dá Sátidé kan tí wọ́n máa wá ṣe ọ̀wẹ̀, kí ògiri lè dìde kí òjò tó dé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni mo ti Ìkìrun, níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà, dé bá wọn tí wọ́n ń po amọ̀. Èmi, arábìnrin nínú Olúwa, tí mo mọ òfin ju lọ́yà lọ! Mo ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé bíríkì lé bíríkì láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba. Mo ní wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ilé ẹnìkan ní Ìkìrun pé wọ́n máa wó o.

"Lórí oko mi náà?" Bàámi béèrè.

"Lórí oko yín náà ni, sà. Ẹ jẹ́ ká ṣe é bó ṣe yẹ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Ẹ̀sọ̀ dáa, Tíṣà. Ara mi ló ń darúgbó."

Síbẹ̀ wọ́n gbà sí mi lẹ́nu, torí èmi ni wọ́n fi ń yangàn láàárín ẹgbẹ́ wọn. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn jẹ ẹ̀bà tí a ti tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ṣan ọwọ́, wọ́n lọ.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ọ́fíìsì ìjọba. Wọ́n ní kí n mú àwòrán ilé wá, mo mú un wá. Wọ́n ní kí olórí ẹbí fọwọ́ síwèé, ó fọwọ́ sí i. Wọ́n tún ní ilẹ̀ oko ni, kì í ṣe ilẹ̀ ilé, ẹnìkan gbọ́dọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò, ọkọ̀ tó máa gbé ẹni náà ò sì sí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ nígbà náà, ni wọ́n bá ní fáìlì wa ti há sí Ìbàdàn. Òjò rọ̀ lọ́dún yẹn, ó tún rọ̀ lọ́dún kejì. Bíríkì padà di amọ̀, koríko hù lórí rẹ̀. Bàámi ò fẹ̀sùn kàn mí rí. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ṣubú sórí ebè iṣu, wọn ò dìde mọ́. Mo kúnlẹ̀ níwájú ẹbí, mo bẹ̀ wọ́n kí a sin wọ́n sórí oko.

"Ṣé igbó lo fẹ́ kí n gbé àbúrò mi jù sí?" ẹ̀gbọ́n wọn bi mí. "Ilé ẹ̀ dà níbẹ̀?"

Kò sọ ọ́ láti fi gún mi lára. Ẹkún ló ń sun bó ṣe ń sọ ọ́. Yàrá tí Bàámi ń sùn nínú ilé rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́, ibẹ̀ la sin wọ́n sí, a fi sìmẹ́ńtì dí i.

Kò pé ọdún tí wọ́n fi yàrá náà háyà fún télọ̀ kan. Bí mo bá fẹ́ rí ojú oórì Bàámi, mo ní láti kanlẹ̀kùn, kí n tọrọ àyè. Ọmọlúàbí ni télọ̀ náà. Ó máa ń bá mi sún bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.