Ìwé Tí Mo Kọ Sí Ọlọ́run

Mo rántí òórùn ọ̀dà tuntun lára àga ilé ìjọ wa ní Mowe, lọ́dún tí wọ́n kọ́kọ́ gba àwa ọmọdé láyè láti bá àwọn àgbà jọ́sìn. Ṣáájú ìgbà náà, abẹ́ páànù lẹ́yìnkùlé ni tiwa. Ìyá mi wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè bàbá mi, yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní, "Wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Abuja." Èmi àti òun nìkan la mọ̀ pé Àgbàdo ni Abuja náà wà, nílé obìnrin mìíràn.

Nígbà tí ìsìn àkọ́kọ́ tí a máa bá àwọn àgbà ṣe ku ọ̀sẹ̀ kan, tíṣà wa ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi pín bébà fún wa. Mo fẹ́ràn obìnrin náà débi pé mo máa ń sín ohùn rẹ̀ jẹ nílé. Ó ní, "Ẹ kọ ohun tí ẹ ń fẹ́ kí Ọlọ́run ṣe fún yín. Ẹ má bẹ̀rù, Òun nìkan ni yóò kà á." Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Mo rò pé kí Ọlọ́run má baà ṣìnà, ó yẹ kí n júwe ilé fún un. Mo kọ ọ́ pé: "Ọlọ́run, jọ̀ọ́, bá mi dá dádì mi padà. Ilé aláwọ̀ ewé lẹ́yìn ojú irin ní Àgbàdo ni wọ́n wà, lọ́dọ̀ àǹtí tó ń rán aṣọ. Mọ́mì mi máa ń sunkún ní bálùwẹ̀." Mo fi orúkọ mi sí i, mo ká a, mo fi lé tíṣà lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ ìsìn, a kọrin, a ka Bíbélì, àwọn àgbà pàtẹ́wọ́ fún wa. Ni pásítọ̀ bá gbé agbọ̀n kan sókè, bébà wa ló wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ wa ń bá Ọlọ́run sọ." Ó ka ti ẹni tó ń fẹ́ kẹ̀kẹ́, ó ka ti ẹni tó fẹ́ gba ipò kìíní, ìjọ ń rẹ́rìn-ín. Mo wo tíṣà. Ó tẹjú mọ́lẹ̀. Pásítọ̀ wá dárúkọ mi, ó ka tèmi tán pátá, àti ilé aláwọ̀ ewé àti ojú irin. Àwọn kan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí ọ̀dọ̀ ìyá mi. Pásítọ̀ ní kí gbogbo wa dìde, ká bá ìdílé yìí gbàdúrà. Gbogbo ìjọ dìde. Ìyá mi nìkan ló jókòó láàárín àwọn akọrin.

Bí a ti ṣe ìsìn tán, mo lọ bá tíṣà. "Tíṣà, ẹ ní Ọlọ́run nìkan ni yóò kà á."

Ó fọwọ́ pa mí lórí. "Ọmọ mi, àdúrà ọ̀pọ̀ èèyàn lágbára ju ti ẹnì kan lọ." Kò bẹ̀ mí.

Ìyá mi kò nà mí. A ti fẹ́ délé kí ó tó ní, "Ṣé mi ò ní kó o má sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Mọ́mì, Ọlọ́run ni mo sọ fún."

Ó dúró, ó wò mí títí, ó ní, "Ó dáa."

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́. Èmi kò tilẹ̀ ju tèmi sílẹ̀. Ẹni tí mo gbé e fún ló jù ú.

Bàbá mi kò padà wálé. Ìyá mi fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀, a kó lọ sí ìjọ mìíràn ní Ibafo. Mo ti dárí ji tíṣà, tàbí kí n ní mo rò pé mo ti dárí jì í. Ti ìyá mi ni kò tíì tán lọ́kàn mi. Kí ọjọ́ náà tó dé, kò sí ohun tí kì í sọ fún mi, kódà èyí tí kò yẹ kí ọmọdé gbọ́. Láti ìgbà náà, bí mo bá wọlé nígbà tí òun àti àbúrò rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, yóò dá ọ̀rọ̀ náà dúró, yóò rẹ́rìn-ín sí mi, yóò ní, "Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?" Èmi náà ti di ọlọ́mọ méjì báyìí, ó ṣì ń bi mí bẹ́ẹ̀.