Kọ́kọ́rọ́ Méjì Lọ́wọ́ Ẹnì Kan

Àpótí irin kan wà ní ọ́fíìsì owó yunifásítì tí mo ti ń gbálẹ̀ ní Yábàá. Ìwé sọ̀wédowó ló wà nínú rẹ̀. Àgádágodo méjì ni wọ́n fi tì í, kí ẹnì kan má baà dá a ṣí. Ọ̀gá ọ́fíìsì náà ń mú kọ́kọ́rọ́ kan, Àǹtí kan ládùúgbò wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, tóun náà ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì yẹn, tó sì bá mi wá iṣẹ́ yìí, ń mú èkejì.

Ilé ọ̀gá jìn, ó máa ń pẹ́ dé. Òun ló kọ́kọ́ fi tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ mi kí iṣẹ́ má baà dúró dè é. Àǹtí náà máa ń tètè lọ mú àwọn ọmọ rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ ní Àgùdà. Nígbà tó yá, ó fi tirẹ̀ kún un.

"Ìwọ tí ẹnu ẹ kì í là yìí," ló wí, "ta lo fẹ́ sọ fún?"

Mo so méjèèjì mọ́ okùn kan sínú àpò aṣọ iṣẹ́ mi. Wọ́n máa ń gún mi nítan tí mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti nu ilẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, àwọn ọ́dítọ̀ dé láti wo bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ owó ìjọba níbẹ̀. Obìnrin kan ló ṣáájú wọn. Ọ̀gá sọ fún un pé kò sẹ́ni tó lè dá àpótí náà ṣí.

"Ó dáa, sà. Ẹ ṣí i ká wò ó."

Ọ̀gá tọwọ́ bọ àpò. Àǹtí ń tú báàgì rẹ̀. Àwọn méjèèjì wá ń wo ọ̀dọ̀ mi. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì mi. Tí wọ́n bá pè mí lólè, agbaṣẹ́ṣe tó gbà wá síṣẹ́ kò ní béèrè ẹjọ́ kó tó lé mi. Tí mo bá sì sọ òótọ́, Àǹtí ni mo fà lé wọn lọ́wọ́.

Obìnrin náà yíjú sí mi. "Àbúrò, kí ló dé tí wọ́n ń wò ẹ́?"

Mo yọ okùn náà jáde. Ọ̀kan nínú àwọn tó bá a wá rẹ́rìn-ín. "Ẹ kí bọ́sà wa, olùṣọ́ owó yunifásítì o."

"Ta ló kó wọn fún ẹ?" obìnrin náà béèrè.

 Àǹtí ń wo ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù.

"Àwọn méjèèjì ni, mà. Kí n lè máa bá wọn ṣí i."

Wọ́n ṣí àpótí náà. Gbogbo nǹkan pé.

"Kò sóhun tó sọnù," obìnrin náà wí, "ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí pé ẹ ṣọ́ ọ."

Ọ̀gá àti Àǹtí gba ìwé ìkìlọ̀. Wọn ò lé mi, wọ́n kàn gbé mi lọ sí gbọ̀ngàn ìdánwò, níbi tí àga ti pọ̀ jù fún ẹnì kan láti nù. Mo pàdé Àǹtí ní géètì lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́ ọrùn.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Ẹni tí ẹnu ẹ̀ kì í là ti dé," ló fi dá mi lóhùn.

 Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì mi, mo wọlé.