Sálámù Lẹ́nu Ọ̀nà Yàrá Ààrẹ

Ìtàn tí àwọn Yorùbá àdúgbò Zangouettin ní Ouagadougou, Burkina Faso, kì í sọ tán nípa Alájì Kàmíl aláṣọ, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, ni ti ọjọ́ tó kọ̀ láti wọ yàrá ààrẹ. Bàlíkíìsì ìyàwó rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ títí tó fi bá a lọ wo ilé ààrẹ àtijọ́ kan ní Ouaga, tí wọ́n tọ́jú bí onílé ṣe fi í sílẹ̀. Nígbà tí Monique tó ń fi ilé han àlejò ṣí yàrá ibùsùn, Alájì dúró gbọn-in.

"Àsàláámù àlékùm!" ó ké sínú yàrá.

"Alájì, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀."

"Ta ló wá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì?"

"Àwa ni."

"Ta ló kun bàtà?"

"Àwa náà ni. Ààrẹ ti kú tipẹ́."

Alájì wo bàtà, ó wo Monique. "Bàtà òkú kì í dán tó báyìí."

Ó kí sálámù lẹ́ẹ̀kejì, ó kí i lẹ́ẹ̀kẹta. Ó fa ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. "Ìyá Ròdí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ̀sìn wí. Bí onílé ò bá dáhùn, ká padà. Àjèjì ni wá níbí. Bí ṣíbí kan bá sọnù lọ́la, ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú?"

Àwọn àlejò tó tò sẹ́yìn wọn, tí wọn ò gbọ́ Yorùbá, rò pé onílé ń sùn. Gbogbo wọn bọ́ bàtà, wọ́n yọ́ jáde.

Bẹ́ẹ̀ ni Alájì rí. Bí òjò bá ń rọ̀, àfi kó na ọwọ́ síta kó tó gbà. Nígbà tí ibà mú un, nọ́ọ̀sì gbé ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná ara wá, Alájì ní kó kọ́kọ́ fi sí abíyá ara rẹ̀. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fi í síbẹ̀. Ọ̀pá fi hàn pé ara nọ́ọ̀sì alára gbóná.

"Mo mọ̀!" ni Alájì wí. Ó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí nọ́ọ̀sì dùbúlẹ̀, ó sì lọ ra ọsàn wá fún un.

"Barka, Alájì," nọ́ọ̀sì dúpẹ́.

"Jẹ ẹ́ lójú mi. Ta ló mọ̀ bóyá o fẹ́ lọ tà á?"

Àìsàn mìíràn ló mú un lọ nígbẹ̀yìn. Ọjọ́ ogójì rẹ̀ kọjá, Bàlíkíìsì ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan yàrá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba ti wó ìsọ̀ wọn ní Zangouettin, aṣọ sì kún ilé wọn ní àdúgbò Bilbalogo dé ẹnu ọ̀nà.

"Màmá, yàrá Bàbá nìkan ló kù tá a lè kó ọjà sí," ni Ròdíyátù ọmọ wọn wí. "Ẹ jọ̀ọ́."

"D'accord, ó dáa," ni ìyá rẹ̀ wí. Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó ṣílẹ̀kùn, ó sì dúró.

"Àsàláámù àlékùm."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ròdíyátù. "Ẹ̀yin náà? Màmá, Bàbá ti lọ..."

Ó wo inú yàrá. Bẹ́ẹ̀dì wà ní títẹ́. Bàtà Alájì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń dán gbinrin. Ó wo ọwọ́ ìyá rẹ̀: dúdú ìkunbàtà ṣì wà léèékánná.

Bàlíkíìsì kí sálámù lẹ́ẹ̀kejì. Ẹnu ọmọ rẹ̀ ló ti jáde lẹ́ẹ̀kẹta.

Nígbà tí kò sẹ́ni tó dáhùn, Ròdíyátù di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ti pé, Màmá. Ẹ jẹ́ ká padà. A ó kó aṣọ sí yàrá tèmi."

Wọ́n rọra fa ilẹ̀kùn dé, bí ẹni tí kò fẹ́ jí onílé.