Jíìpù tí mo rà kò gba ìyá mi

Ìyá mi wọ ọkọ̀ èrò lọ sí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì n'Ìkọ̀yà lónìí, èmi ọmọ wọn sì wa jíìpù lọ síbẹ̀.

Ìyàwó mi ti ní bọ́ọ̀sì ni ká rà, pé òun ló máa gba gbogbo wa. Mo ní àwọn èrò Okitipupa á máa dá mi dúró bí awakọ̀ akérò.

Láàárọ̀, àwọn ọmọ kún ẹ̀yìn. Mo ní kí ìyàwó mi sọ̀ kalẹ̀ níwájú fún Màmá.

Màmá kọ̀: "Aboyún ni kó lọ wọ ọkọ̀ èrò? Ẹ máa lọ, ọmọ mi."

A bá ọkọ̀ wọn lọ́nà, a yà á sílẹ̀. Eruku wa bò wọ́n, Màmá sì ń juwọ́ sí wa.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́, èwo lẹ̀yin ì bá rà?