Ẹni Tó Gbé Ọtí Wá Ni Í Kọ́kọ́ Mu Ún

Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí lẹ́yìn tí mo jáde ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ni títa wáìnì ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Bẹẹrẹ. N kò fi ẹnu kan wáìnì rí. Òfin kan ṣoṣo ni ọ̀gá mi kọ́ mi: "Pupa fún ẹran, funfun fún ẹja." Mo bi í léèrè pé ta ló dán an wò. Ó ní kí n lọ nu ìgò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Baba Àkànjí wọlé láti Ọ̀rányàn. Wọ́n fẹ́ fa ọmọ wọn obìnrin fún ọkọ, wọ́n sì fẹ́ kí ọtí òyìnbó wà níbi àsè náà. Wọ́n gbé oúnjẹ dání nínú àwo, kí wọ́n lè mọ ọtí tó bá èyí tàbí ìyẹn mu. Ọ̀gá mi fà mí sẹ́yìn àpótí ọtí.

"Bí Baba bá jáde láìra ọtí, ìwọ náà á bá wọn jáde."

Mo ṣí àwo àkọ́kọ́. Iyán ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Ẹran ìgalà wà nínú ọbẹ̀ náà, ẹja gbígbẹ wà níbẹ̀, ìgbín náà kò gbẹ́yìn. Òfin ọ̀gá mi kò sì sọ nǹkan kan nípa ìgbín.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọbẹ̀ ẹran ni ká pe èyí, àbí ọbẹ̀ ẹja?"

Baba wò mí títí. "Akọ̀wé, ọbẹ̀ ni."

Mo rò ó síwá sẹ́yìn, mo ṣí pupa, mo dà á sínú ife, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn. Wọn kò gbà á.

"Ọmọ ta ni ẹ́? Ṣé nílé yín, àlejò ló ń kọ́kọ́ mu ọtí ni? Tọ́ ọ wò ná, kí n rí i pé kò pa ẹ́."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo mu ún. Ó korò, ó sì kan. Baba mu tiwọn, wọ́n yínmú, wọ́n ní ká dán funfun wò. Èmi náà ni mo tún ṣíwájú. Lẹ́yìn náà ló kan ẹja díndín, kó tó wá kan àkàrà. Bí àwo bá ti yí padà ni ìgò ń yí padà, èmi ni mo sì ń ṣáájú mu. N kò tíì jẹun àárọ̀.

Èmi tí kì í sọ̀rọ̀ láìfi "bóyá" ṣíwájú, ohùn ara mi ni mo gbọ́ tó ń ròkè: "Baba! Nínú gbogbo ìgò wọ̀nyí, kò sí èyí tó tó ẹmu lórí iyán! Irọ́ ni pupa! Ṣùgbọ́n wáìnì aládùn yìí lórí àkàrà, háà!"

Ọ̀gá mi káwọ́ lérí. Baba rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí wọn.

"Ẹni tó ń tajà, tó tún ń bú ọjà! Ọ̀gá, ẹnu ọmọ yìí ni mo gbà gbọ́. Ẹ kó aládùn náà fún mi, gbogbo èyí tẹ́ ẹ bá ní. Ẹmu ni n ó fi ti iyán lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni kó gbé e wá o."

Bí iṣẹ́ ò ṣe bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Lọ́jọ́ ìyàwó, mo jẹun dáadáa kí n tó gbé ọtí lọ sí Ọ̀rányàn. Kò ràn mí lọ́wọ́. Agboolé náà tóbi, àgbà ibẹ̀ pọ̀, olúkúlùkù wọn ló sì fẹ́ kí ẹni tó gbé ọtí wá kọ́kọ́ mu nínú ìgò tó wà níwájú òun.

Wọ́n ní ìyàwó náà rẹwà gan-an lọ́jọ́ náà. Ó ṣeé ṣe. N kò lè jẹ́rìí sí i.